Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi bá wọn wọ igbó lásìkò yìnyín?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:
Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ náà ni wọ́n ń retí ìwé yìí lọ́wọ́ mi.

Brooklyn Park ní Minnesota la ń gbé. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 mú ìwé kan bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí Eastman Nature Center nínú igbó Elm Creek, kí wọ́n lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì níta. Odidi wákàtí méjì nínú yìnyín! Ẹnì kan tó mọ igbó náà ni yóò ṣíwájú wọn, wọ́n á máa wá ipa ẹsẹ̀ ẹranko, wọ́n á wọn bí yìnyín ṣe jìn tó, wọ́n á sì wọ àwọn bàtà pẹrẹsẹ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rì. Òbí tó bá fẹ́ lè bá wọn lọ.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí ò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Àyà tèmi ló ń já. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kó wọn jáde lọ síbòmíràn, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wọn padà pẹ́ kó tó dé, ìta ni àwọn ọmọ sì dúró sí. Nígbà tí tèmi fi délé, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti kú, kò lè tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń bọ́ lójú tèmi náà.

Bàbá rẹ̀ ní kó jókòó sílé. Màmá mi ní Ìsẹ́yìn bi mí lórí fóònù pé, nínú igbó tí ewé ti rẹ̀ tán, tí omi ti dì, kí ló kù níbẹ̀ tí ọmọdé fẹ́ lọ wò? Mi ò rí èsì fún wọn. Ṣé kí n fọwọ́ sí i? Bí mo bá fọwọ́ sí i, kí ni kí n wọ̀ fún un? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun fún un ni, fìlà òtútù rẹ̀ ò wọlé mọ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Kí a tó dé orí aṣọ, kí ni genotype rẹ̀? Ṣé kò ní asthma?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:
AA ni. Kò ní asthma.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ọpẹ́ ni. Mo béèrè torí òtútù lè ru fòníkú-fọ̀ladìde sókè, kí ìrora egungun sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ SS tàbí SC, kó má fọwọ́ sí ìwé kankan láìbá dókítà ọmọ náà sọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìdúró ló fà á. Ara ọmọ tó ń rìn máa ń mú ooru wá. Èyí tó dúró sójú kan, ẹ̀jẹ̀ á fi ìka sílẹ̀, á sá wọnú ara lọ. Ẹ má wo dígírì nìkan, ẹ wo atẹ́gùn. Bó bá jẹ́ 0 Fahrenheit, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní máìlì 15 ní wákàtí kan, yóò dà bí 19 nísàlẹ̀ òdo lára, awọ tí kò sí aṣọ lórí rẹ̀ sì lè dì láàárín ìṣẹ́jú 30. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè: òtútù tó mú tó báwo lẹ fi ń dá ìrìn dúró? Ilé wo lẹ lè sá sí, báwo ló ṣe jìnnà tó? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún wa. Wọ́n á ní kí ẹ máa wo ibi tó bá pọ́n tàbí tó funfun lára ọmọ. Ara dúdú kì í tètè fi í hàn. Ó lè kàn rí bí eérú. Torí náà ẹ kọ́ ọmọ kó wí nígbà tí ìka bá ń ta á, kó má dúró dìgbà tí kò bá mọ̀ ọ́n lára mọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má tì í bọ omi gbígbóná. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Òrí tí a fi ń pa ojú dára fún awọ tó gbẹ, àmọ́ kò lè dá òtútù dúró.

Ìyá Tòmíwá:
SS ni ọmọkùnrin mi. A bá àwọn tó ń kọ́ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i: bí àwọn yòókù bá jáde, ó máa ń wà nínú ilé lójú fèrèsé, á máa ka ẹyẹ tó wá jẹun, á kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún kíláàsì. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i gan-an.

Bàbá Olùkọ́:
Ẹ má bínú sí mi o. Ọdún 22 ni mo ti wà ní ìlú yìí, mi ò sì tíì fẹ́ràn òtútù rẹ̀. Kí wọ́n sún ìrìn náà sígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igbó ò ní sá lọ.

Ọmọ Ọdẹ:
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́ ò sí níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi ní Òkè-Ògùn. Nílé, ó dìgbà tí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ sì dẹ̀ kí wọ́n tó rí ipa ẹsẹ̀ kà dáadáa. Níhìn-ín, gbogbo ẹranko tó kọjá lóru ló fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí yìnyín: èyí tó sáré, èyí tó rọra ń lọ, èyí tí wọ́n lé. Mo ti ṣe ẹ̀kọ́ Minnesota Master Naturalist, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àgbàlagbà nípa igbó àti ohun tó ń gbé inú rẹ̀, mo sì máa ń bá wọn mú ọmọdé wọ igbó. Ìyá, ẹ bá mi sọ fún màmá ní Ìsẹ́yìn pé ohun tó kù níbẹ̀ pọ̀.

Bí yìnyín bá jìn, abẹ́ rẹ̀ kì í tutù tó òkè. Ó lè jẹ́ 20 nísàlẹ̀ òdo lókè, kí ibi tí yìnyín ti kan ilẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní 32 Fahrenheit, ibi tí omi ti ń dì. Ibẹ̀ ni èkúté la ọ̀nà sí, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Òwìwí á wà lórí igi, á fi etí gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ò rí, á sì já wálẹ̀ lé e lórí. Ẹyẹ kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní chickadee, kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju owó ẹyọ quarter méjì lọ. Lálẹ́, ó máa ń jẹ́ kí ooru ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ọ̀rá tó jẹ lọ́sàn-án má bàa tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Àkèré kan sì wà nínú igbó yìí tó máa ń dì bí òkúta lábẹ́ ewé gbígbẹ. Ọkàn rẹ̀ á dáwọ́ lílù dúró, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ bàjẹ́. Bí òtútù bá lọ tán, á yọ́, á tún máa fò. Mo ti sọ ọ́ fún ọmọdé púpọ̀, mi ò tíì rí èyí tí kò ya ẹnu.

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gun orí adágún, ẹ béèrè bí omi dídì náà ṣe nípọn tó. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní ó kéré tán kó jẹ́ ínǹṣì 4, kó sì mọ́ gaara, kí èèyàn tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ, torí mo ti náwó sórí èyí tí kò dáa kí n tó mọ̀. Aṣọ òwú ò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀. Bó bá làágùn, òwú á mu òógùn náà, á sì tutù mọ́ ọn lára. Polyester tàbí èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ni kó wà nísàlẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn lé e, kí kóòtù tí atẹ́gùn ò lè wọ̀ wà lókè. Ṣòkòtò yìnyín, dandan ni.

Ìbọ̀wọ́ tí ìka kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀, ẹ má rà á. Èyí tí ìka mẹ́rin jọ wà pọ̀ ló ń móoru. Ẹ ki òmíràn sí àpò rẹ̀, torí ti àkọ́kọ́ á rin. Ẹ má wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún un o! Bí bàtà bá fún, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ìka ẹsẹ̀, òtútù á sì mú un ju ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ. Ní ti irun, ẹ kó o sẹ́yìn sísàlẹ̀ ọrùn, ẹ fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sátínnì bò ó, kí ẹ wá gbé fìlà bàbá rẹ̀ lé e. Kó yó dáadáa kó tó jáde. Ògì gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín ni tiwa máa ń jẹ láàárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Milo á sì wà nínú fíláàsìkì.

Bàbá Olùkọ́:
Ọmọ Ọdẹ, mo ti ka ohun tí o kọ. Mi ò gbọ́ ti àkèré yẹn rí. Ìyá, bí ẹ bá máa bá a lọ fúnra yín, mo fara mọ́ ọn.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo pè wọ́n, wọ́n dáhùn gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì wa ní kí n béèrè. Mo ti fọwọ́ sí ìwé náà, èmi náà ń lọ. Bàbá rẹ̀ ti yọ̀ǹda fìlà.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan:
A lọ, a dé ire. 14 Fahrenheit ni láàárọ̀ náà, atẹ́gùn ò fẹ́. Ọwọ́ ọmọ mi gbóná títí a fi wọlé, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó ṣíwájú wa ní kí gbogbo wa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà.

A rí ipa ẹsẹ̀ èkúté, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. À ń tẹ̀ lé e lọ, ó sì dópin lójijì. Ibi tó parí sí, ìyẹ́ apá méjì ti fi ìlà sílẹ̀ lórí yìnyín, lọ́tùn-ún àti lósì. Kò sí ọmọ kankan tó sọ̀rọ̀.

Mo wá ya ipa ehoro, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi lórí WhatsApp, mo bi wọ́n pé apá ibo ló ń lọ. Èsì wọn dé kí n tó ti fóònù bọ àpò. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ńlá méjì tó wà lápá òkè yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Bí ehoro bá ń fò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á kọjá tiwájú, apá ibẹ̀ ló kọjú sí. Ohun tí ẹni tó mú wa kiri sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn! Bàbá wọn ló kọ́ wọn ní oko, nígbà tí wọ́n kéré. Ọdún 41 tí wọ́n ti bí mi, mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mi ò bi wọ́n rí.

Alaalẹ́ ni ọmọ mi ń pè wọ́n báyìí, ti àgbọ̀nrín ló kàn. Ọmọ Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni wọ́n ń gba omi ara igi maple?

Ọmọ Ọdẹ:
Oṣù Kẹta, nígbà tí nǹkan bá ń dì lóru tó sì ń yọ́ lọ́sàn-án. Bíi gálọ́ọ̀nù 40 omi igi náà ni wọ́n ń sè kí gálọ́ọ̀nù 1 oje dídùn tó jáde. Wọ́n á lu igi náà, wọ́n á fi korobá kọ́ ọ, ó jọ bí a ṣe ń dá ẹmu. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí màmá wà lórí fóònù lọ́jọ́ náà.