Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìyè tó ń rá, àti àgbo inú ìgò: kí ni òótọ́ ibẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Àwọn tó ń ta àgbo ń kéde báyìí pé ẹni tí èrìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ni yóò ṣarán lọ́la, pé kòkòrò tó ń jẹ èrìgì náà ló ń gòkè lọ jẹ ọpọlọ. Wọ́n wá ń ta ìgò kan tí wọ́n rẹ kànáfùrù, ewé dongoyaro àti èèpo orín ata sí nínú ògógóró, wọ́n ní kí arúgbó máa mu ife kékeré kan láràárọ̀. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ là yé mi. Ṣé òótọ́ ni ti kòkòrò yẹn? Èwo nínú ewé àti orín wa ló wúlò fún èrìgì, báwo la sì ṣe ń lò ó? Báwo la ṣe ń fọ ẹnu ẹni tí ìyè rẹ̀ ti ń rá, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ kan òun lẹ́nu?

Dókítà Eyín
Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ kòkòrò yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti bù mọ́ ọn. Orúkọ rẹ̀ ni Porphyromonas gingivalis. Kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń fi àpò tó máa ń là sáàárín eyín àti èrìgì ṣe ilé. Níbi tí èrìgì bá ti le, irin tí a fi ń wọn ọ́n kì í wọlé ju mìlímítà 1 sí 3 lọ. Tó bá wọlé dé 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀, àpò ti ń là nìyẹn. Inú àpò yẹn ni kòkòrò náà ti ń tu èròjà kan tí wọ́n ń pè ní gingipain, tó ń gé ẹran ara wẹ́wẹ́. Lọ́dún 2019, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Science Advances pé wọ́n rí gingipain nínú ọpọlọ àwọn tí Alzheimer, oríṣi ìṣarán kan, ṣe kí wọ́n tó kú, àti pé nígbà tí wọ́n ti kòkòrò náà bọ eku lẹ́nu, ó dé ọpọlọ eku. Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀.

Apá kejì ìtàn náà ni ọlọ́jà kì í sọ. Ilé iṣẹ́ Cortexyme ṣe oògùn tó ń dí gingipain lọ́wọ́, atuzaginstat, wọ́n sì dán an wò lára àwọn 643 tí Alzheimer wọn kò tíì le. Nígbà tí àbájáde dé ní 2021, kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Lára àwọn tí wọ́n bá kòkòrò náà nínú itọ́ wọn, ó jọ pé ìrántí kò yára lọ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó láti fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀dọ̀ àwọn kan tún fẹ́ yọnu, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà sì dá a dúró ní 2022.

Ní Taiwan, ìwé ìwòsàn tí wọ́n gbé yẹ̀ wò ní 2017 fi hàn pé Alzheimer mú àwọn tó ti ní àrùn èrìgì fún ọdún 10 àti jù bẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po 1.7 ti àwọn tí kò ní in. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Alzheimer máa ń wà lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fojú hàn. Ẹni tí ìyè rẹ̀ ń rá díẹ̀díẹ̀ a máa gbàgbé àtifọ eyín. Sìgá àti ìtọ̀ súgà sì ń ba èrìgì jẹ́, wọ́n tún ń ba ọpọlọ jẹ́. Nítorí náà a kò tíì lè sọ èyí tó ṣáájú. Mo máa ń bẹ àwọn aláìsàn pé kí wọ́n tọ́jú èrìgì nítorí èrìgì: kí eyín má baà yẹ̀, kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Fún ẹni tó ní ìtọ̀ súgà, èrè míì tún wà níbẹ̀, nítorí bí a bá gbá àpò èrìgì mọ́, súgà ẹ̀jẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ewé-ń-jẹ́
Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ewé.

Orín ata ni mo fi ṣáájú. Ó ń pa kòkòrò ẹnu, ó sì ń mú kí itọ́ sun. Bó ṣe ń ta ahọ́n yẹn kì í ṣe àìsàn. Pákò Ìjẹ̀bú àti orín ìdí náà dára. Ẹ wá èyí tó nípọn bí ọmọńdinrín, kí ẹ jẹ orí rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni fífi orín líle ha eyín síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Èrìgì á sún kúrò, ìdí eyín á gé wọnú, omi tútù á wá máa ta á. Láti èrìgì ni kí ẹ ti máa fà á lọ sí ẹnu eyín: ti òkè, ẹ fà á wálẹ̀, ti ìsàlẹ̀, ẹ fà á gòkè. Orín kì í sábà dé ẹ̀gbẹ́ eyín tó kọjú sí ahọ́n, pàápàá ti ọ̀gangan èrìgì ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ dìídì gbé e débẹ̀. Ẹ gé orí tí ẹ ti lò dànù lójoojúmọ́, ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá, nítorí ibẹ̀ ló ti ń bu. Orín kò ní fluoride, èròjà tó ń mú eyín le. Lálẹ́, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní in, fún ìṣẹ́jú méjì.

Omi iyọ̀: ìdajì ṣíbí ìmutíì nínú ife omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi yọ ẹnu fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ tu ú dànù. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ gbé e mì.

Kànáfùrù ń mú kí ibi tó ń dunni kú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrora lọ, àpò ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá kan òróró rẹ̀ mọ́ èrìgì láìlà á, yóò jó o.

Ìgò ògógóró yẹn bí mi nínú gan-an. Ọtí ń gbẹ ẹnu, ó sì wà lára ohun tó ń fa ìṣarán fúnra rẹ̀! Dongoyaro ń fa súgà wálẹ̀. Arúgbó tó ń lo oògùn ìtọ̀ súgà tó tún ń mu ún lè dákú. Àwọn míì tún ń da omi bátìrì sí eyín tó ń dùn wọ́n. Ásíìdì ni. Ó ń jó ẹran àti egungun pa pọ̀.

Dókítà Eyín
Mo fẹ́ fi kan kún un: ìdọ̀tí tó ti di òkúta sí ìdí eyín, kò sí ewé tàbí orín tó lè ṣí i. Irin la fi ń ha á. Wọ́n máa ń sọ pé híha náà ló ń mú eyín mì. Eyín yẹn ti ń mì tẹ́lẹ̀, òkúta ló dì í mú.

Olùtọ́jú Arúgbó, Manchester
Nọ́ọ̀sì, lórí ìbéèrè kẹta. Ẹ yan àkókò tí ara wọn máa ń balẹ̀, ẹ má ṣe é nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú tí wọ́n sì ń dààmú. Ẹ jókòó síwájú wọn, kí ojú yín ṣe déédéé, ẹ má dúró lé wọn lórí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì náà lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ wá fi ọwọ́ yín lé ọwọ́ wọn, kí ẹ jọ máa fọ̀ ọ́. Ọwọ́ sábà máa ń rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé. Ẹni tó dàgbà sórí pákò lè kọ búrọ́ọ̀ṣì ṣùgbọ́n kí ó gba orín. Ẹ fún un, bí kò bá ń gé e mì.

Ọṣẹ ìfọyín tó bí hóró ẹ̀wà kan ti tó. Ẹni tí kì í lè tu itọ́ mọ́, ẹ má fún un ní omi ìyọnu kankan, ìbáà jẹ́ omi iyọ̀, torí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bó bá ní eyín àtọwọ́dá, ẹ yọ ọ́ lálẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi. Bó bá pa ẹnu dé, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fi ipá là á. Bí ó bá ṣàdédé ń kọ oúnjẹ tàbí tó ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, eyín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó sọ pé ìṣarán ló ń le sí i.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ó ku ọ̀kan: wọ́n tún ń sọ pé ìṣarán kò pọ̀ nílẹ̀ wa nítorí orín tí à ń run.

Dókítà Eyín
Òótọ́ wà nínú apá kìíní. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Indiana tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé ìṣarán tuntun ń mú 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún n'Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ṣùgbọ́n oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ súgà ìlú méjèèjì yàtọ̀ síra. Ènìyàn kò lè yọ orín nìkan sọ́tọ̀ kó ní òun ló ṣe é. Nínú ohun 14 tí ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kà ní 2024 pé a lè ṣàtúnṣe sí láti dín ìṣarán kù, àrùn èrìgì kò sí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà, ìtọ̀ súgà wà, etí dídi wà, ojú tí kò ríran dáadáa wà, ọtí àmujù náà wà.

Nítorí náà, bí èrìgì àgbàlagbà kan bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti ń fọ̀ ọ́ dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà eyín, kí ẹ sì yẹ súgà àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà.