Kí ni kí n kọ́kọ́ rà sí ilé ìdáná?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kétu ni mo ń gbé, àwa márùn-ún la wà nínú ilé. Mo ti tu 40 000 fàráǹsì CFA jọ fún ohun èlò ìdáná kan ṣoṣo, mi ò sì fẹ́ kí owó náà ṣòfò.

Ẹ̀wà là ń jẹ jù, àmọ́ èédú tó ń jẹ kò kéré. Tí mo bá gbé e kaná láàárọ̀, ó di ọ̀sán kó tó rọ̀, bí mo tiẹ̀ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi ń fà sí cocotte-minute, ìkòkò tó ń há ooru mọ́ inú títí omi yóò fi gbóná kọjá 100°C. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀rọ ìlọta ni kí n rà. Ṣùgbọ́n ọlọ wà nílé, iná sì máa ń lọ. Alòkù fìríìjì ńkọ́? Owó iná rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo ìkòkò yìí, ṣé ó ṣeé gbé ka ààrò èédú láìséwu? Mi ò ní gáàsì. Lítà mélòó ló tó wa? Tí rọ́bà ìdérí rẹ̀ bá sì gbó, ṣé a lè rí òmíràn rà ní Kétu, àbí àfi Àjàṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.