Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi fẹ́ gbé Ubuntu sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows mi

Màmá Oníkáàdì, Adó-Èkìtì
Ẹ̀yin ará Èkìtì Kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Káàdì ìgbéyàwó, pósítà òkú àti bánà ni mo ń ṣe ní Òkèṣà níbí, CorelDRAW ni mo sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni àwọn fi ń ṣiṣẹ́ ní kíláàsì, ó wá fẹ́ gbé Ubuntu, irú Linux kan, sórí láptọ́ọ̀pù mi. Ó ní Windows mi ò ní kúrò, pé bí mo bá ti tan ẹ̀rọ, yóò bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́ lò. HP tòkunbọ̀ ni, RAM 8, SSD 256, Windows 11. Iṣẹ́ oníbàárà kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan tí wọ́n fẹ́ sin lópin oṣù yìí sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n gbà fún un? Owó láptọ́ọ̀pù kejì ò sí o.

Tísà Ìfàkì
Mà, òótọ́ lọmọ yín sọ. Àwọn méjèèjì lè jọ wà lórí ẹ̀rọ kan, kálukú ní ìpín tirẹ̀ lórí dísíkì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n sin bàbá yẹn ná! Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da gbogbo iṣẹ́ oníbàárà kọ sórí háàdì dísíkì tó wà lọ́tọ̀, kí ẹ sì ṣí bíi mẹ́ta nínú wọn wò bóyá wọ́n ṣí dáadáa. Bí ẹ kò bá tíì ṣe èyí, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Kó ṣí PowerShell, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí administrator, kó tẹ `wsl --install`, Ubuntu á wọlé sínú Windows láìpín dísíkì rárá. Fún èdè kọ̀ǹpútà Python àti iṣẹ́ tẹ́mínà (títẹ àṣẹ), ìyẹn tó.

Màmá Oníkáàdì
Ẹ ṣé o, àbúrò. Ṣé kò ní jẹ́ pé inú Windows tèmi náà ni á máa wọ̀? Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́. Ó máa ń tún tábìlì mi tò bó ṣe wù ú.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ lè ṣí àkáǹtì tirẹ̀ fún un lórí Windows yẹn, Mà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín.

Oníkọ̀ǹpútà Ìwòròkò
Ẹ kú ọjà, Màmá. Pípín dísíkì ló dáa fún yín, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ẹ lọ sí Settings, Privacy & security, kí ẹ wo Device encryption. Bí ó bá wà ní títàn, Windows ti ti dísíkì yín pa láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà gígùn tó ní òǹkà 48, ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí ẹ̀rọ náà. Tòkunbọ̀ sì lẹ pè é: ẹ rí i dájú pé àkáǹtì tiyín ni, kì í ṣe ti ẹni tó tà á! Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé. Bí ọmọ bá lọ yí nǹkan padà nínú BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ jí ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí) láìní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, Windows lè ní òun ò ní ṣí, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí ẹ lè bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà kí ẹ pa encryption yẹn, torí Ubuntu lè kọ̀ láti fi ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows tí wọ́n tì pa. Inú Windows fúnra rẹ̀ ni kó ti gé àyè: Disk Management, Shrink Volume. MB ni wọ́n ń bèèrè níbẹ̀, nítorí náà 61440 ló máa kọ fún GB 60. Kó pa Fast Startup, tó ń jẹ́ kí Windows yára ṣí, náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Ubuntu kò ní lè kọ nǹkan kan sórí dísíkì Windows. Kí bátìrì kún kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá.

Kó fi F9 yan flash tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ nígbà tó bá ń tan HP yẹn. “Install alongside” ni kó mú. Èyí tí wọ́n pè ní “Erase disk” yóò nu gbogbo rẹ̀ nù, ti ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó.

Tísà Ìfàkì
Kí n fi kún un: aago Windows lè máa fi wákàtí kan rẹ̀yìn lẹ́yìn náà. Aago UTC, aago àgbáyé, ni Linux ń fi sínú ẹ̀rọ, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Kó tẹ `timedatectl set-local-rtc 1` nínú Ubuntu, ó parí.

Màmá Oníkáàdì
Ṣé kò ní lè rí fáìlì mi láti inú Ubuntu rẹ̀?

Oníkọ̀ǹpútà Ìwòròkò
Á rí i kedere, Mà, níwọ̀n ìgbà tí encryption bá wà ní pípa. Ọ̀rọ̀ aṣínà Windows yín ò dí i lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ lè tún un tàn lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tuntun ni yóò ṣe, ó sì lè máa bèèrè rẹ̀ nígbà míì. Ẹ kọ òun náà sínú ìwé.

Màmá Oníkáàdì
Bí kò bá wá tẹ́ mi lọ́rùn ńkọ́?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ ó fi Windows Boot Manager ṣáájú nínú BIOS, ẹ ó pa ìpín Ubuntu rẹ́ nínú Disk Management, ẹ ó sì fi Extend Volume dá àyè náà padà fún C, ìpín tí Windows wà.

Màmá Oníkáàdì
Olúwa á bá mi san án fún yín. Mo ti sọ fún un: lẹ́yìn ìsìnkú. Ó fajú ro, ṣùgbọ́n ó ti ń wá háàdì dísíkì tí a máa yá.

Oníkọ̀ǹpútà Ìwòròkò
Kó má fi dátà wa Ubuntu 24.04 o, ó tó GB 6. Ó wà lọ́wọ́ mi. Kó mú flash GB 8 tó ṣófo wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀fẹ́ ni.