Pákó ìdí ọkọ̀ fáíbà mi ti jẹrà, ṣé kí n gé e ni àbí kí n fi irin dè é?

OmoEpe_nIfe
Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni ọkọ̀ ojú omi wá ṣe n'Ífẹ̀ o. Ọkọ̀ fáíbà ẹsẹ̀ bàtà 16 ni, bàbá mi ló ni ín, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń fi pẹja. Nígbà tí wọ́n jáde láyé mo fi tírélà kékeré gbé e wá sílé, mo ní kí n máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ kí n tó dá a padà sọ́sà. Ìyẹn ti di ọdún mẹ́ta báyìí, abẹ́ igi máńgòrò ló wà látìgbà náà, ẹ̀yin náà mọ bí "díẹ̀díẹ̀" ṣe máa ń rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá èmi àti àbúrò mi gbé éńjìnnì ẹ̀ kọ́ ìdí ọkọ̀ náà, Yamaha 40, a kàn fẹ́ wò ó bó ṣe máa jókòó ni. Bá a ṣe ń fún kíláàmpù ẹ̀ ni mo rí i pé ojú fáíbà ń wọnú, bí ìgbà téèyàn fi ìka tẹ ẹ̀bà. Omi kan wá ń jáde látinú ihò nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi tíì, ó ń rùn bí ewé tó ti rà. A sọ éńjìnnì kalẹ̀ kíá. Mo wá mú òòlù mo ń gbá ìdí ọkọ̀ yẹn, lápá òkè ó ń dún kó kó kó, ṣùgbọ́n láti àárín lọ sísàlẹ̀ ńṣe ló ń dún pọ̀ pọ̀ bí ẹni ń lu àpò gààrí.

Kápẹ́ńtà tó wà níwájú ilé wa ní kò le, kí n ra pátákó ìrókò kan kóun fi sí i nínú, kóun gbé irin pẹlẹbẹ sí i níta, kóun wá fi nọ́ọ̀tì gígùn dè wọ́n pọ̀. Ẹnì kan tó ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe ní Láàgéré ní pọ́tì, gọ́ọ̀mù kíki tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò, lòun máa fi dí i, ọjọ́ kan péré ni. Owó tí wọ́n pè ò pọ̀, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀ àbí gígé ni? Tó bá jẹ́ gígé, ṣé inú ni kí n ti gé e ni àbí ìta?

BabaOnipako_Ilesa
Ọmọ mi, kú àṣẹ̀yìndè bàbá rẹ o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin de nǹkan kan níbẹ̀. Èmi ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ l'Ékòó tó ogún ọdún kí n tó padà wálé sí Iléṣà, mo sì ti rí irin dídè yẹn lójú mi ju ìgbà kan lọ. Ìdí ọkọ̀ yẹn, fáíbà wà níta, fáíbà wà nínú, plywood ló wà láàárín wọn. Plywood yẹn ló ń gbé éńjìnnì, fáíbà tó bò ó lójú méjèèjì ò nípọn tó láti dá a gbé, gbogbo agbára tí éńjìnnì bá fi ti ọkọ̀ síwájú ibẹ̀ ló ń gbà kọjá. Tí igi àárín bá ti rà, tó o wá fi irin dè é, ìwọ fúnra rẹ ló ti sọ ọ́, ẹ̀bà lo fi irin dè yẹn. Bó o ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ló máa máa rì sí i.

Pọ́tì tún burú jùyẹn lọ. Pọ́tì mọ́tò máa ń mu omi.

O ò béèrè bó ṣe rà, ṣùgbọ́n màá sọ, torí tó ò bá mọ̀ ọ́n ó tún máa rà ni. Kì í ṣe ọ̀sà ló jẹ ẹ́, abẹ́ máńgòrò rẹ ló jẹ ẹ́. Nǹkan tó ń jẹ igi, mọ̀lẹ́bí olú tó ń hù lára ìtì ni, kò fẹ́ràn omi iyọ̀, omi òjò lo máa fi bọ́ ọ tó o bá fẹ́ kó sanra. Ewé á dí ihò tí omi fi ń jáde, òjò Ifẹ̀ á kún inú ọkọ̀, omi náà á wá gba ojú nọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan dí wọnú igi lọ, kò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Ihò ìsàlẹ̀ tí o fi ń da omi nù yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wò ó dáadáa, ó ṣeé ṣe kí igi wà níhòòhò nínú ẹ̀.

Ṣáájú kó o tó gé ohunkóhun, mú dírílì 5mm, ti inú ọkọ̀ lu ihò kéékèèké káàkiri, má jẹ́ kó yọ síta o. Máa wo èérún igi tó ń jáde. Èyí tó bá funfun tó sì gbẹ, ibẹ̀ ṣì dáa. Èyí tó bá dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ó ti lọ nìyẹn. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn igi gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ náà, torí ìdí tó ti rà kì í sábà dá nìkan rà.

Inú ni kó o ti gé e. Fáíbà ìta ló mú ọkọ̀ dúró ní ìrísí ẹ̀, gígé láti inú kò sì ní ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ yíká etí, ìyẹn lo máa fi so tuntun mọ́ tàtijọ́. Wọn gíga ìdí ọkọ̀ láti òkè ibi tí éńjìnnì ń jókòó dé ìsàlẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, má fi pamọ́ sórí. Éńjìnnì ẹsẹ̀ kúkúrú ń fẹ́ ínǹṣì 15, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń fẹ́ 20. Mo mọ ẹnì kan tó tún tiẹ̀ ṣe tán tó wá rí i pé òun ti dín gíga rẹ̀ kù, ẹnu éńjìnnì rì sínú omi ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n tún padà lọ gé e.

FaibaBoy
Ẹ̀yin bàbá mi, mi ò jiyàn o, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ àpótí tàbí ibùjókòó pọ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ nínú ńkọ́? Ibi tí èmi ti kọ́ṣẹ́, ìta la fi ń gé irú ìyẹn, torí tó o bá ní inú lo fẹ́ gbà, ìdajì ọkọ̀ lo máa tú. Wàhálà ẹ̀ ni pé tó o bá parí wàá tún máa wá àwọ̀ tó bá ara ọkọ̀ mu, kì í sì í bá a mu pátápátá. Ẹ̀gbọ́n OmoEpe, ẹ wo inú ọkọ̀ yín dáadáa kẹ́ ẹ tó pinnu.

Nǹkan tí mo torí ẹ̀ wá ni pákó. Ẹ má ra ìrókò. Ìrókò lágbára lóòótọ́, kì í tètè rà, ṣùgbọ́n pátákó gidi máa ń wú ó sì máa ń sún kì, fáíbà tó lẹ̀ mọ́ ọn ò ní í wú, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ya ara wọn. Plywood ni, 18mm méjì, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀ ó di 36mm, ìyẹn ni kíláàmpù éńjìnnì máa ń fẹ́.

Ibi tí wọ́n ti máa rí yín mú rèé o. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà pákó n'Ífẹ̀ tàbí n'Íléṣà tẹ́ ẹ ní marine board lẹ fẹ́, èyí tí bíríkìlà fi ń ṣe dẹ́kìn ni wọ́n máa gbé fún yín, èyí tójú ẹ̀ pọ́n tó sì ń dán. Ẹni tó ń tà á kò parọ́, orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà nìyẹn. Ṣùgbọ́n dídán yẹn, torí kí kọnkéré má bàa lẹ̀ mọ́ ọn ni wọ́n ṣe fi sí i. Nǹkan tí wọ́n dìídì ṣe kí kọnkéré má lẹ̀ mọ́, ṣé resíìnì, gọ́ọ̀mù tá a fi ń ṣe fáíbà, ni yóò wá lẹ̀ mọ́ ọn? Ojúlówó tí wọ́n ń fi ṣe ọkọ̀ máa ń ní BS 1088 lára, àmì ìlànà plywood ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ ra èyí tójú ẹ̀ jẹ́ igi lásán, ẹ gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lára ẹ̀, ẹ sè é nínú omi fún wákàtí kan, ẹ sá a kó gbẹ. Tó bá ti ń ya léwé léwé ẹ dá a padà fún wọn.

OmoEpe_nIfe
Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá, mo gbọ́. Faiba ẹ ṣé o, marine board alójú dídán yẹn gan-an ni mo ti lọ bèèrè iye ẹ̀ lánàá, Ọlọ́run ló yọ mí. Kò sí àpótí nínú tèmi, ó ṣófo, mo lè ti inú gé e. Ó ku resíìnì. Ṣé epoxy ni àbí èyí tí àwọn oníbọ́ńpà ń lò? Ìwọ̀n oògùn tí wọ́n ń dà sí i náà ò yé mi.

AlataResini
Mo ń ta kẹ́míkà fáíbà àti ọ̀dà, n'Íléṣà náà ni mo wà (bàbá Onípákó, ẹ kú àdúgbò o, ọmọ òṣómàálò bíi tiyín ni mí). Epoxy ló ń di igi mú jù, ẹni tó bá rówó ẹ̀ kó rà á. Ṣùgbọ́n polyester tí àwọn oníbọ́ńpà ń lò náà ti kọ́ ọkọ̀ tó pọ̀ jù lọ tẹ́ ẹ rí lórí omi, tí igi bá ti gbẹ dáadáa tẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi resíìnì pa á lójú méjèèjì àti ní etí kó mu ún tẹ́rùn. Etí igi ni kẹ́ ẹ pa jù, ibẹ̀ ló ti ń mumi bíi kànìnkànìn. Kẹ́ ẹ sì mú ọ̀kan ṣoṣo. Epoxy máa ń lẹ̀ dáadáa mọ́ polyester tó ti gbẹ, ṣùgbọ́n polyester kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ epoxy, ẹ má da polyester lé epoxy lórí. Máàtì lásán (aṣọ fáíbà) tí àwọn oníbọ́ńpà ń lò náà, polyester ló wà fún, gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ kì í yọ́ nínú epoxy, ó máa le gbagidi ni, kò ní tẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀.

Kátálíìsì, ìyẹn oògùn tó ń mú resíìnì le: kílò resíìnì kan, mílílítà 10 sí 20. Nínú oòrùn wa yìí ẹ sún mọ́ 10 o, ẹ fi síríńjì wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ìdérí ìgò. Kékeré kékeré ni kẹ́ ẹ máa pò, torí tó bá pọ̀ nínú ike kan á gbóná, á máa rú èéfín, ike á yọ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tí resíìnì yín bá jẹ́ èyí tí wọn ò tíì fi accelerator (oògùn tó ń mú kó tètè le) sí, ìgò méjì ni wọ́n máa fún yín, ọ̀kan, accelerator, á láwọ̀ àlùkò, èkejì, kátálíìsì, á funfun bí omi. Ẹ ò gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn láé. Aláwọ̀ àlùkò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pò mọ́ resíìnì títí yóò fi dọ́gba, kẹ́ ẹ tó wá da kátálíìsì sí i. Ọmọ iṣẹ́ oníbàárà mi kan da méjèèjì sínú ife kan náà, ó ní kóun máa yára. Iná ló bú jáde nínú ife yẹn, irun ojú ẹ̀ lọ. A dúpẹ́ pé irun nìkan ni. Kátálíìsì tó bá ta sójú, omi púpọ̀ lẹsẹ̀kẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa wá ẹni tó máa gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Ẹ wọ gíláàsì ojú.

BabaOnipako_Ilesa
Ìyá ti sọ ọ́. Ọjọ́ tó o bá máa lẹ̀ ẹ́, pò resíìnì pẹ̀lú èérún fáíbà kó ki, kó dúró bí àmàlà rírọ̀, kó má ṣàn. Pa á sójú fáíbà ìta láti inú, gbé pákó lé e, ki nọ́ọ̀tì gba ihò éńjìnnì àtijọ́ kó o fi fà á mọ́ra, pátákó méjì níta kí ojú ẹ̀ má bàa tẹ̀, nọ́lọ́ọ̀nù lábẹ́ pátákó kó má lẹ̀ mọ́ ọn. Má fún un jù o! Tó o bá fún un jù gbogbo gọ́ọ̀mù á sá jáde, igi á wá dúró lórí fáíbà gbígbẹ. Kí ó máa yọ díẹ̀ léteetí, ó tó.

Kọ̀rọ̀ tí pákó ti bá ara ọkọ̀ pàdé, fi resíìnì kíki yẹn sọ ọ́ di róbótó, fáíbà ò fẹ́ràn ìgun. Máàtì àkọ́kọ́ kó gùn sára ọkọ̀ bí sẹ̀ǹtímítà 10, èkejì 15, ẹ̀kẹta 20. Ihò éńjìnnì tuntun, lù ú tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, fi resíìnì kíki dí i, tó bá gbẹ kó o wá lu ojúlówó ihò sáàárín ẹ̀. Nígbà náà tí omi bá tiẹ̀ wọlé kò ní rí igi.

Ọjọ́ tó o bá fẹ́ fi gíráńdà ha á, wọ ìbòmú gidi, kì í ṣe aṣọ. Fi àtíkè pa ọrùn àti ọwọ́, omi tútù ni kó o fi wẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tó o bá fi omi gbígbóná wẹ̀ wàá rántí mi lóru.

OmoEpe_nIfe
Bàbá, mo rántí yín lóru o. Omi gbígbóná ni ìyàwó mi gbé sílẹ̀, mi ò sì ronú.

Mo ti ṣí i. Igi ìsàlẹ̀, mi ò lo ṣíṣẹ́lì rárá, ọwọ́ ni mo fi ń kó o bíi sádúsì tó rin, èèrà ti kọ́lé síbẹ̀. Òkè ló le, ìyẹn gbà mí lọ́jọ́ kan àbọ̀. Ihò ìsàlẹ̀ yẹn, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ ló rí, igi wà níhòòhò nínú ẹ̀ lóòótọ́. Mo ti da nọ́lọ́ọ̀nù bò ó, ọ̀sán ni mò ń ṣí i kí oòrùn máa pa á. Igi gbọọrọ méjì tó wà nísàlẹ̀, dírílì mú èérún dúdú jáde láti ìdí dé bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, lẹ́yìn ìyẹn ó gbẹ. Ṣé gbogbo ẹ̀ ni kí n yọ?

Plywood àkọ́kọ́ tí mo sè ya sí mẹ́ta nínú ìkòkò. Mo dá a padà, ọkùnrin yẹn ní òun ò tíì rí ẹni tó ń se pákó rí láyé òun.

BabaOnipako_Ilesa
Má yọ gbogbo ẹ̀. Gé e kọjá ibi tó rin bí ẹsẹ̀ bàtà kan, dagẹ̀rẹ̀ ẹnu ẹ̀ kó gùn tó ìlọ́po mẹ́jọ nínípọn igi náà, kí tuntun náà dagẹ̀rẹ̀ bákan náà, kó o wá fi resíìnì lẹ̀ wọ́n. Èyí ni kó o kọ́kọ́ ṣe, kó gbẹ, kó o tó fi pákó ìdí sí i.

OmoEpe_nIfe
Ẹ ṣeun bàbá. Plywood kejì ti wà lórí iná báyìí, ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú, kò tíì ya. Ìyàwó mi ní òun ò gba ìkòkò yẹn padà mọ́.