Ìfun ọmọ mi ń kú nínú ínkúbétọ̀, dókítà méjì, ìṣirò méjì. Èwo ni ká gbà?

Ìyá Ìrètí: Ẹ gbà mí o. Ọmọ mi ò pé oṣù, wọ́n ní ìfun ẹ̀ ń kú. Dókítà àárọ̀ ní tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ìrètí wà dáadáa. Èyí tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lálẹ́ ní ó lè yè, ó lè má yè, ọgbọọgba ni. Ọmọ kan náà o! Nọ́ọ̀sì kan tún jágbe mọ́ mi bí ẹni ń lé adìyẹ, ó ní kí n yéé gbára lé gíláàsì. Ìyá ọkọ mi ní wọn ò bí irú ẹ̀ rí nílé àwọn. Mo lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n là, ibì kan ní 30 ló ń kú, ibòmíì ní 50. Èwo ni ká gbà?

Àdùkẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ fi bí i? Báwo ló ṣe wúwo tó? Ṣé NEC ni, àìsàn tó ń jẹ́ kí ìfun ọmọ tí ò pé oṣù wú kó sì máa kú, àbí ìfun kàn lu lójú kan? Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run á wò ó. Kẹ́yìndé mi ṣe é. Wọ́n gé díẹ̀, wọ́n fa ẹnu ìfun tó kù síta ikùn, àpò kékeré la fi ń gba ìgbẹ́ ẹ̀ títí wọ́n fi dá a padà. Ó ń bu táyé jẹ báyìí. Ẹ má wo ìṣirò kankan!

Bàbá Tóbi: Ẹ má bínú, tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n là á, gbogbo ìfun ti dúdú látòkè délẹ̀. Wọ́n kàn rán ikùn ẹ̀ padà ni.

Olóòótọ́: Wàrà agolo lẹ fún un, àbí? Ẹ̀yin ìyá ìsinsìnyí! Omi ọmú ló ń dáàbò bo ìfun wọn.

Ìyá Ìrètí: Omi ọmú ò wá! Tọ̀sán tòru ni mò ń fún un, ẹ̀kán ló ń kán sínú ìgò. Tó bá jẹ́ èébú lẹ gbé wá, ẹ kọjá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Olóòótọ́, ẹ fi ìyá ọlọ́mọ sílẹ̀. Omi ọmú ń dín in kù, àmọ́ ọmọ tó ń mu ún náà ń ṣe é. Ìyá Ìrètí, orí ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti ka ìdá yẹn, kì í ṣe orí tiyín. Lára tiyín, wọ́n ń wo ọ̀sẹ̀ tó lò nínú oyún, ìwọ̀n ẹ̀, bóyá oògùn ló ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ró, bóyá ásíìdì ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, bóyá platelet, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ń já wálẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló lè yí padà láàárín àárọ̀ sí alẹ́. Ọmọ tí ìfun ẹ̀ kàn lu lójú kan sì sábà máa ń ṣe dáadáa ju oní-NEC lọ. Kí ni wọ́n rí nínú X-ray?

Ìyá Ìrètí: NEC ni. Ọ̀sẹ̀ 26, gíráàmù 850. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti jáde kúrò nínú ìfun sínú ikùn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní ká fọwọ́ síwèé láti àárọ̀. Ọkọ mi ní kí wọ́n fẹnu kò sí iye kan ná. Kò burú jàre, ṣé ká kàn gbé ọmọ tó kéré báyìí fún ọ̀bẹ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Láti àárọ̀?! Ìfun ti lu nìyẹn! Ohun tó wà nínú ẹ̀ ń dà sí i níkùn. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn gan-an jẹ́ ìdí tí ti dókítà alẹ́ ò fi dọ́gba mọ́ ti àárọ̀.

Bàbá Tóbi: Ìyá Ìrètí, ẹ pè wọ́n báyìí. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀yin nìkan lè fọwọ́ sí i.

Olóòótọ́: Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ omi ọmú o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jókòó jẹ́ẹ́!

Ìyá Ìrètí: Ọkọ mi ń bọ̀ lókè. Tí wọ́n bá ní kò ní lágbára tó fún iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ bi wọ́n nípa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi sí ikùn kí ìdọ̀tí lè ṣàn jáde, wọ́n ń lò ó fún àwọn tó kéré gan-an. Tí wọ́n bá là á, ẹ má béèrè ìdá mọ́. Ẹ ní kí wọ́n sọ sẹ̀ǹtímítà ìfun tó ṣẹ́kù, àti bóyá ibi tí ìfun kékeré ti wọnú ìfun ńlá ṣì wà.