Iná tó ń jò lójú silicon ń pọ̀ sí i bó ṣe ń tutù: kí ló fà á?

Ọmọ Ìjàpò, Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Díódù silicon (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) tí kò ní ìbòrí ni mò ń wọ̀n, 10V sódì, ìyẹn lọ́nà tí kò yẹ kí iná gbà. Ní 45°C, 40 nA (nanoampere) iná ló ń jò. Ní 35°C ó di 20. Ní 25°C ó di 10. Ó bá ìwé mu. Àmọ́ nígbà tó dé 20°C, ó fò lọ sí 300, kò sì dúró sójú kan. Kí ni mo ṣe tì?

Bàbá Mítà
Silicon kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́, àbúrò, ìrì ni. Afẹ́fẹ́ òjò tó wà ní 27°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 80%, ohunkóhun tó bá tutù ju 23°C lọ nínú rẹ̀ á làágùn bí ìgò omi tútù. Omi yẹn á pò mọ́ iyọ̀ ìka ọwọ́ àti ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀, á di afárá fún iná láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Mú un padà sí 30°C, kí o mí sí i lẹ́ẹ̀kan. Bí iná bá fò, tó sì tún wálẹ̀ kíá, ojú ló ń jò, kì í ṣe inú.

Alágbàká
Fi isopropyl (ọtí ìfọ̀nǹkan) fọ̀ ọ́, fi omi tí kò ní iyọ̀ kankan ṣàn án, yan án ní 120°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, má fọwọ́ kàn án mọ́. Gbé e sínú ìgò olómorí pẹ̀lú silica gel (èérún tó ń fa ọ̀rinrin mu), bò ó kí ìmọ́lẹ̀ má wọlé, ìta ìgò ni kí yìnyín wà. Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù: wọ́n á ṣí ìgò nígbà tó ṣì tutù. Jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọ̀gá Físíìsì
Òótọ́ ni, àmọ́ gbígbẹ nìkan ò tó. Bí 10V bá wà lórí rẹ̀ bó ṣe ń tutù, ion (èérún tíntìntín tó gbé iná) á rìn lórí oxide, awọ fẹ́lẹ́ tó bo silicon, òtútù á wá dè é mọ́bẹ̀. Iye tí ẹ máa kà ní lílọ kò ní bá ti àbọ̀ mu. Ẹ so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ títí á fi tutù tán, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fún un ní 10V. Ìrì yìí kan náà ló yọ Brattain, onímọ̀ físíìsì, lẹ́nu ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1947, ló bá ri silicon rẹ̀ sínú omi. Ibẹ̀ lọ̀nà ti là dé transistor, ẹ̀yà tó ń mú iná kékeré lágbára sí i, ní December. Ẹ̀yin ẹ má ri tiyín o!

Ọmọ Ìjàpò
Mo mí sí i: 14 di 200, ó sì padà. Ṣùgbọ́n silica gel mi ti pupa rẹ́súrẹ́sú.

Alágbàká
Ó ti mu omi yó nìyẹn. Yan án ní 120°C fún wákàtí 2, títí yóò fi padà di aláwọ̀ aró.