Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọkọ mi fẹ́ ká kó àwọn ọmọ lọ inú igbó ìgbafẹ́

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi rí igbó ìgbafẹ́ kan tí èrò kì í pọ̀ níbẹ̀ rárá, ó ní ká kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ ní Sátidé, ká rìn, ká wo ẹyẹ. Ó wù mí torí ariwo ti sú mi, àmọ́ àbíkẹ́yìn mi ọmọ ọdún 6 kì í dúró lójú kan, tó bá ti rí labalábá ó ti tẹ̀ lé e lọ nìyẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí ká má wá a tì níbi tí kò séèyàn tá a máa bi. Wọ́n tún ní kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Ṣé ká lọ àbí ká wá ibi tí èrò wà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ lọ jàre. Irú ọmọ tèmi náà nìyẹn. Mo ra fèrè irú èyí tí réfírì máa ń fọn, mo so ó mọ́ aṣọ wọn, mo ní tó ò bá rí mi mọ́, má wá mi o, dì mọ́ igi tó bá sún mọ́ ẹ kó o dúró síbẹ̀, fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, dákẹ́ díẹ̀, tún fọn ọ́n. Ọmọ tó ń rìn káàkiri ló máa ń ṣòro rí, èyí tó bá dúró kì í jìnnà. A fi ṣeré nílé títí ó fi mọ́ wọn lára. Ẹ wọ̀ wọ́n láṣọ pupa tàbí yẹ́lò o, gírínì máa pò mọ́ ewé.

Bọ̀dá Arìnkiri: Ẹ da máàpù ibẹ̀ sórí fóònù láti ilé, GPS tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà hàn lórí fóònù ò nílò nẹ́tíwọọ̀kì, kẹ́ ẹ wá gbé e sí flight mode torí fóònù tó ń wá nẹ́tíwọọ̀kì tí ò rí, ó máa ń jẹ bátìrì gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni kí ẹnì kan nílé mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà àti aago tẹ́ ẹ máa dé, kó sì mọ aago tó máa pe àwọn tó ń ṣọ́ igbó tí kò bá gbóhùn yín. Àgbàlagbà lè rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ má fi ṣírò fọ́mọ. Ilẹ̀ tún máa ń tètè ṣú lábẹ́ igi, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Eégbọn ńkọ́? Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ sókì. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ yẹ ara wọn wò dáadáa, ẹ̀yìn etí, abíyá, ẹ̀yìn orúnkún. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti sún mọ́ awọ ara jù, ẹ fà á sókè tààrà, ẹ má fi iná jó o.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, ọkàn mi ti balẹ̀, a máa lọ. Àbúrò mi ni mo máa sọ ọ̀nà tá a gbà àti aago tá a máa dé fún. Tí òjò bá wá dé ńkọ́?

Bọ̀dá Arìnkiri: Òjò lásán, rénkóòtù ti tó. Tí ààrá bá ti ń sán, ẹ padà sínú mọ́tò kíákíá, ẹ má dúró sábẹ́ igi tó dá ga.